Onígbàjámọ̀ tó gbin àjàrà sórí òkè: Ohun tí àlejò ń rí ní Schramsberg, àti ohun tí oníṣòwò lè kọ́ níbẹ̀

Ọ̀nà tó lọ sí ilé ọtí Schramsberg kò fẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbéra láti San Francisco, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yóò wa mọ́tò tó nǹkan bíi kìlómítà 120 kó tó dé ìtòsí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Calistoga, lápá òkè àfonífojì Napa. Ibẹ̀ ni yóò ti yà kúrò lójú títì, tí yóò sì máa gun òkè lọ láàárín igi, nítorí ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Diamond Mountain ni ilé ọtí náà wà. Ohun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni ilé àtijọ́ kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, àti adágún omi kékeré kan tí ère ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀, tó gbé ife ọtí sókè bí ẹni tó ń kí aráyé kú ọdún.

Èèyàn kì í ṣàdédé já wọ ibẹ̀. Àlejò gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ kó tó dé, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21 gẹ́gẹ́ bí òfin ọtí Amẹ́ríkà ṣe wí, yóò sì sanwó kí wọ́n tó mú un wọlé láti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, kó sì tọ́ ọ wò. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò kékeré bi ara rẹ̀ nìyí: kí ló wà níbẹ̀ tí oníbàárà fi ń sanwó láti wo ibi iṣẹ́, lẹ́yìn náà tó tún sanwó láti ra ọjà?

Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera, kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ òwò ni, ọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, bó ṣe ń kú, àti ohun tó lè mú kó tún jí.

Abẹ ló ra ilẹ̀

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Jacob Schram tó dá ilé ọtí náà sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni, iṣẹ́ yìí ló sì ń jẹ nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1862, ó ra ilẹ̀ sórí òkè yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó láti gbin àjàrà. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ rọrùn láti ro ju ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ omi kì í dúró lórí òkè, gbòǹgbò àjàrà kò sì fẹ́ràn ilẹ̀ tí omi ń rọ́gún sí. Àmì ìrántí ìjọba Kalifọ́níà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 561, sọ pé ilé ọtí yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè ní àfonífojì Napa. Orúkọ rẹ̀ pàápàá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí "berg" ni àwọn ará Jámánì ń pe òkè. Òkè Schram ni Schramsberg túmọ̀ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn tó ń dá òwò sílẹ̀ lónìí ni ti owó. Àjàrà kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn ń gbìn lónìí kó sì yá a lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó so èso tó ṣe é fún, ọtí tí wọ́n bá fún lára rẹ̀ sì tún gbọ́dọ̀ sinmi kó tó dé ọjà. Kí ni ẹni tó gbìn ín yóò máa jẹ títí dìgbà náà? Schram kò sá fún iṣẹ́ tó mọ̀. Lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ oko, ó ṣì ń gbé abẹ rẹ̀ kiri àfonífojì náà fún ìgbà pípẹ́, tó ń fá irùngbọ̀n fún ẹni tó bá pè é, bí àwọn onígbàjámọ̀ alárìnkiri tí a mọ̀ lágbègbè tiwa náà ṣe ń ṣe. Annie, ìyàwó rẹ̀, dúró ti oko. Owó irùngbọ̀n ni wọ́n fi tọ́ àjàrà dàgbà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi iṣẹ́ tó ń fún wọn lóúnjẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá òwò tuntun sílẹ̀, torí ojú ń tì wọ́n pé kí wọ́n má baà rí àwọn nídìí iṣẹ́ àtijọ́. Ojú kò ti Schram. Nígbà tí yóò fi tó ogún ọdún, wáìnì rẹ̀ ti ń la òkun kọjá dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Àlejò tí kò lówó lọ́wọ́

Ní ọdún 1880, àlejò kan gòkè wá sí Schramsberg. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni, Robert Louis Stevenson lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni, àìsàn àyà ń yọ ọ́ lẹ́nu, owó kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé àwọn awakùsà kan tí wọ́n ti pa tì lórí òkè mìíràn nítòsí ibẹ̀ ni òun àti Fanny ìyàwó rẹ̀ lọ ń gbé. Òǹkọ̀wé ni, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn. Ìwé rẹ̀ tó gbayì jù, "Treasure Island", kò tíì jáde.

Oníṣòwò mìíràn ì bá ti wo aṣọ irú àlejò bẹ́ẹ̀, kó sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó bu díẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Schram mú un wọ inú yàrá tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè, ó sì ń bu ọtí fún un ní oríṣi kọ̀ọ̀kan, pupa àti funfun, títí Stevenson fi tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Annie jókòó ti Fanny lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ. Ohun tí Stevenson kíyè sí jù ni pé bí òun bá ti gbé ife sẹ́nu, ojú òun ni Schram ń wò. Ọkùnrin tí ọjà rẹ̀ ti ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń ṣàníyàn bóyá ọtí náà yóò dùn lẹ́nu àlejò kan ṣoṣo.

Nígbà tí Stevenson gbé ìwé "The Silverado Squatters" jáde ní ọdún 1883, ìbẹ̀wò náà wà nínú rẹ̀. Schram kò san kọ́bọ̀ fún ìpolówó ọjà yẹn. Ó ti lé ní 140 ọdún báyìí, ìwé náà ṣì wà, àwọn tó ń mú àlejò yíká Schramsberg sì ṣì ń sọ ìtàn náà. Ife ọtí tí wọ́n bù fún ẹni tí kò lówó ló ṣì ń pa owó wọlé. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹnìkan kì í mọ ibi tí olóore òun yóò gbà yọ.

Nínú ihò àpáta

Lẹ́yìn ìtàn yìí, wọn á mú àlejò wọ inú ihò. Àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò náà fún Schram ní nǹkan bí ọdún 1870. Kò sí ẹ̀rọ nígbà náà. Dígà àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi gbẹ́ àpáta tí iná abẹ́ ilẹ̀ ti sun láti àìmọye ọdún, a sì ṣì ń rí ojú dígà wọn lára ògiri títí dòní. Orúkọ wọn kò sí lára ìgò kankan. Ní ọdún 1882, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà má ṣe wọ ìlú náà mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ yóò tún kan Ṣáínà níwájú.

Ìdí tí ihò náà fi ṣe pàtàkì ni pé otútù inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìbáà jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù, nǹkan bíi 14 ló máa ń jẹ́ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó ń san owó iná mànàmáná àti owó dísù jẹnẹrétọ̀ yóò mọ ohun tí irú ihò bẹ́ẹ̀ tó sí. Schram náwó lé e lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní.

Inú ihò yìí ni wọ́n ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún àlejò. Wáìnì tó ń hó, irú èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní ṣanpéènì, ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wáìnì lásán. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, wọ́n á sì dé e pa. Ìwúkàrà yóò jẹ ṣúgà náà, yóò sì máa tu afẹ́fẹ́ jáde. Nítorí pé afẹ́fẹ́ náà kò rí ibi gbà, inú ọtí ni yóò wọ̀ sí. Ohun kan náà ló ń mú ẹmu ọ̀pẹ hó, àmọ́ ẹmu wa kì í sí nínú ìdè, afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ń bá tirẹ̀ lọ. Agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò ṣanpéènì kan tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti inú táyà mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí ìgò rẹ̀ fi nípọn, tí wọ́n sì ń fi wáyà de kọ́ọ̀kì rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìgò náà yóò dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn. Òmíràn á lo ọdún méjì, òmíràn á lò ju ọdún márùn-ún lọ. Nígbà tó bá tó àkókò, wọ́n á kó wọn sórí pákó tó ní ihò, orí ìgò á kọjú sísàlẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì máa yí ìgò kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà lè ṣàn wá sí ọrùn ìgò. Ẹ̀rọ wà tó lè ṣe èyí, síbẹ̀ àwọn ìgò kan wà ní Schramsberg tí ọwọ́ ṣì ni wọ́n fi ń yí wọn. Wọ́n á wá sọ ọrùn ìgò di yìnyín, wọ́n á ṣí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti dì á fò jáde, wọ́n á fi wáìnì àti ṣúgà díẹ̀ dí àyè rẹ̀, wọ́n á sì ti kọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn àlàyé yìí ni wọ́n máa ń bu ọtí fún àlejò. Wọ́n á fún un ní èyí tí wọ́n fi àjàrà funfun Chardonnay ṣe, wọ́n á tún fún un ní èyí tí wọ́n fi àjàrà dúdú Pinot Noir ṣe, tó sì ṣì mọ́ gaara, torí wọ́n tètè yọ omi rẹ̀ kúrò lára èèpo. Bí ọtí náà bá wọ́n, kò lè ya ẹni tó ti rí ihò, tó ti rí ọwọ́ tó ń yí ìgò, tó sì ti gbọ́ iye ọdún tí ìgò náà fi dùbúlẹ̀, lẹ́nu mọ́. Àlàyé ti ṣe ohun tí ìdúnàádúrà kò lè ṣe.

Ìgbà tí òkè náà dákẹ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé láti ọdún 1862 ni nǹkan ti ń dára bọ̀. Jacob Schram kú ní ọdún 1905, Herman ọmọ rẹ̀ sì jogún iṣẹ́ náà. Ìgbà tí kò dára ló bọ́ sí. Kòkòrò tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera ti ń jẹ gbòǹgbò àjàrà káàkiri Kalifọ́níà. Ní ọdún 1912, wọ́n ta ilẹ̀ náà. Láti ọdún 1920 títí di 1933, òfin tó ka ọtí ṣíṣe àti ọtí títà léèwọ̀ wà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ilé ọtí tó kógbá sílé kò lóǹkà. Ní Schramsberg, igbó tún bo ibi tí Schram ti ṣán. Ilẹ̀ náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, àwọn kan tilẹ̀ gbìyànjú láti tún máa ṣe ọtí níbẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, kò sì pẹ́ tó fi forí ṣánpọ́n.

Nígbà tí tọkọtaya kan, Jack àti Jamie Davies, gòkè wá ní ọdún 1965, ilé àtijọ́, igbó àti ihò tó ṣófo ni wọ́n bá. Jack fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ láti wá síbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ kéékèèké, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì bí Hugh, àbíkẹ́yìn wọn. Owó wọn nìkan kò tó o, wọ́n ní láti wá àwọn tó máa bá wọn dá sí i.

Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, inú àgbá ràgàjì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ wáìnì tó ń hó, kó lè yá, kó sì pọ̀. Tọkọtaya yìí ní inú ìgò kọ̀ọ̀kan ni tàwọn yóò ti hó, àti pé Chardonnay, tí kò pọ̀ nílẹ̀ rárá nígbà yẹn, làwọn yóò lò. Ẹni tó bá ti ṣòwò rí mọ ewu tó wà níbẹ̀. Wọ́n á sanwó àjàrà lónìí, wọ́n á sanwó ìgò, wọ́n á sanwó òṣìṣẹ́, ọjà náà á sì wà nínú ihò fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di owó. Bó bá bàjẹ́ nínú òkùnkùn, kò sí ohun tí wọ́n lè rí gbà padà.

Wọn kò sọ orúkọ àtijọ́ náà nù. Wọ́n pè é ní Schramsberg bó ṣe wà, wọ́n tún ilé Schram ṣe, wọ́n sì tún kó ìgò sínú ihò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe èyí tó dára jù nínú ọtí wọn, J. Schram. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, kódà bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tí kò hàn sí àlejò. Ní ọdún 1968, Jack Davies wà lára àwọn tó jà fitafita kí ìjọba ìbílẹ̀ Napa lè ṣòfin tó dáàbò bo ilẹ̀ oko, kí àwọn tó ń kọ́lé tà má baà gé e sí póòtù póòtù. Bí kò bá sí òfin yẹn, bóyá òrùlé ilé ni àlejò ì bá máa rí lónìí níbi tó ti ń rí ọgbà àjàrà.

Ìgò tó lọ sí Ṣáínà

Ní oṣù Èrèlé, ọdún 1972, Ààrẹ Richard Nixon rìnrìn àjò lọ sí Ṣáínà, ìlú tí Amẹ́ríkà kò bá ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ní Beijing, àwọn ará Amẹ́ríkà se àsè fún àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Ọtí tí Nixon àti Zhou Enlai, olórí ìjọba Ṣáínà, fi gbàdúrà fún àlàáfíà ni Blanc de Blancs ti Schramsberg, èyí tí wọ́n fi àjàrà ọdún 1969 ṣe. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ òkè náà rí gbọ́ ọ. Ọdún méje péré ló pé tí tọkọtaya náà bá igbó níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń bá ìtàn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé òkè náà ti san gbèsè kan lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò san án tán. Ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbẹ́ ihò náà ti wá, ibẹ̀ ni ọtí inú ihò náà ti gba òkìkí. Wọn kò sí láyé láti gbọ́ ọ.

Jack kú ní ọdún 1998, Jamie kú ní ọdún 2008. Hugh, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n dé, ló gba iṣẹ́ náà. Ohun tí Herman Schram kò rí ṣe, ó ṣeé ṣe fún un.

Èyí tí oníṣòwò lè mú lọ

Èkíní ni pé kí oníṣòwò má tètè ju abẹ rẹ̀ nù. Iṣẹ́ tó ń fún èèyàn lóúnjẹ ni kó fi tọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Èkejì ni pé kó mọ ibi tí ọjà àmúṣe rẹ̀ ti ń dára. Orí òkè tí Schram gbin àjàrà sí kò tutù tó fún àjàrà ṣanpéènì. Ìdí nìyí tí àwọn Davies fi ń lọ ra tiwọn níbi tí kurukuru òkun ń dé, bíi Carneros àti Anderson Valley, tí wọ́n sì fi àjàrà Cabernet Sauvignon tó fẹ́ràn oòrùn sórí òkè tiwọn. Wọn kò tìtorí ìgbéraga fi ilẹ̀ baba ìsàlẹ̀ ba ọjà jẹ́.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tó ń re àdìrẹ ní Òṣogbo, ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú lẹ́yìnkùlé rẹ̀, gbogbo wọn ló ní ohun tí àlejò lè sanwó wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi iṣẹ́ pamọ́ sẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń gbé ọjà síwájú, tí oníbàárà sì ń nájà títí èrè fi tán lórí rẹ̀, torí kò mọ òógùn tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n gbá ibi iṣẹ́ mọ́, kí wọ́n fi àga méjì síbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà rí òwú kó tó rí aṣọ. Àṣírí iṣẹ́ tí kò yẹ kó jáde, wọ́n lè fi í pamọ́. Kò sí ẹni tó ń dá ihò àpáta sílẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀wò ọjọ́ kan.

Kí wọ́n má sì ṣe fi aṣọ ọrùn díwọ̀n ẹni tó wọlé. Lọ́jọ́ tí Stevenson gòkè wá lọ́dún 1880, kò sí lára rẹ̀ ohun tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò pẹ́ ju ọgbà àjàrà lọ. Kòkòrò jẹ àjàrà, òfin ti ilé ọtí pa, ọmọ ta ilẹ̀ baba. Ohun tó ṣẹ́ kù lórí òkè náà ni ihò tí àwọn ará Ṣáínà gbẹ́, àti ìtàn tí àlejò kan sọ nípa bí wọ́n ṣe gba òun. Orí méjèèjì yìí ni àwọn tó wá lọ́dún 1965 kọ́ ọ̀rọ̀ ajé wọn lé.